Ẹ Jẹ́ Kí Omi Dúró Di Ọ̀la: Àyà Ìyá Ni Aṣọ Ọyẹ́ Ọmọ Tuntun

   

Ọ̀rọ̀ ọjà la sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí ọ̀rọ̀ ọmọ ni yóò ṣáájú, ọjà á tẹ̀lé e. Ọyẹ́ ti dé. Ètè ń ya, ẹsẹ̀ ń là, eruku ti bo ewé igi láti Savalou títí dé Bantè. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, àgbàlagbà tó jẹun yó pàápàá á máa wá aṣọ ìbora kejì. Inú irú òru bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin wa ń bímọ sí. Oyún kì í dúró de ìgbà tí ooru bá padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ní lọ́kàn ná, kí n tó máa ṣàlàyé. Bí a bá bí ọmọ lásìkò ọyẹ́, kí a nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, kí a gbé e ní ìhòòhò lé àyà ìyá rẹ̀, kí a da aṣọ bo àwọn méjèèjì, kí a sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwẹ̀ lè dúró di ọ̀la. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa àgbà tí ọwọ́ yín ti wẹ ọmọ tí kò lóǹkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ délẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ohun tí òtútù ń ṣe sí ọmọ

Nínú ikùn ìyá, ọmọ ń gbé nínú ooru tó tó ìwọ̀n 37 lórí tẹmọ́mẹ́tà. Kò rí òtútù rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo, ó jáde, omi wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Ẹ ronú ẹni tó jáde nínú odò ní ìdájí oṣù kìíní, tí kò rí aṣọ kankan fi nura. Bí omi ṣe ń gbẹ lára rẹ̀ ló ń kó ooru ara rẹ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn sọ pé ọmọ tuntun tí a kò nù, tí a kò sì bò, ooru ara rẹ̀ lè fi ìwọ̀n 2 sí 4 wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20 péré. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tó yẹ kí ara ọmọ wà ni 36,5 sí 37,5. Ẹ wò ó bí àyè tó wà níbẹ̀ ṣe kéré tó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tún sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo wa gbọ́. Wọ́n ní bí ọmọ tuntun bá wà ní ìhòòhò nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 23, bí ooru ṣe ń jáde lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà tó bọ́ra sílẹ̀ níbi tí ooru ti wà ní òdo, níbi tí omi ti ń di yìnyín. Lójú tiwa, yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 23 dára, kò sí ẹni tí yóò bínú sí i. Ní òru ọyẹ́, ọ̀pọ̀ yàrá wa ló ń tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìwọ àgbàlagbà bá ní, "Òtútù ò mú mi," ọ̀rọ̀ ara tìrẹ lo sọ. O ò tíì sọ ti ọmọ.

Kí ló fà á? Ọmọ kéré, orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ibi tí ooru ń gbà jáde sì pọ̀ lára rẹ̀. Àwa, bí òtútù bá mú wa, a ó gbọ̀n, gbígbọ̀n náà á sì mú ara wa móoru. Ọmọ tuntun kò tíì mọ bí a ti ń gbọ̀n. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fún un ni ọ̀rá pàtàkì kan tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ àti láàárín èjìká rẹ̀. Ara rẹ̀ ń jó ọ̀rá yìí bí epo àtùpà láti fi mú ooru jáde. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì rí èyí tó pọ̀ tó kó jọ.

Bí epo yẹn ṣe ń jó, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń tán lọ pẹ̀lú rẹ̀. Á rẹ ọmọ. Ẹnu rẹ̀ kò ní lágbára láti fa ọmú mọ́. Bí kò bá sì fa ọmú, epo tuntun kò wọnú àtùpà, òtútù á tún mú un ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń pa ọmọ jẹ́jẹ́, láìsí ariwo. Ará ilé á máa yin ọmọ pé, "Èyí mà dákẹ́ o, kì í yọ èèyàn lẹ́nu." Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó yìn ín.

Ọ̀rọ̀ omi

Bí obìnrin bá bímọ, kí la fi ń kí i? "Ẹ kú ọwọ́ lómi." Ìkíni yẹn ti sọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ àti omi ṣe rí láàárín wa. A kì í fi ọmọ ṣeré nípa ìwẹ̀. Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ọmọ lé e, kànrìnkàn àti ọṣẹ á wà nítòsí. Iṣẹ́ rere ni. Mi ò sọ pé kí a pa á tì. Ohun tí mò ń bá yín jà lé lórí ni àkókò.

Mo mọ ohun tí ẹ máa wí. Ẹ máa ní ẹ̀jẹ̀ wà lára ọmọ, nǹkan funfun kan sì lẹ̀ mọ́ ọn, bí a kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara rẹ̀ á máa rùn títí tí yóò fi dàgbà. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀, aṣọ gbígbẹ tó mọ́ lè nù ún kúrò. Nǹkan funfun yẹn ńkọ́? Kì í ṣe ìdọ̀tí, kò sì wá láti ara ọkùnrin bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló ṣe é nínú oyún. Ẹ kà á sí òrí tí Ọlọ́run fi pa ọmọ lára kí ó tó jáde: ó ń dáàbò bo awọ rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò wọ inú awọ. Ní ti òórùn, òógùn tí èèyàn ń là lónìí àti ìwẹ̀ tí kò wẹ̀ lónìí ló ń fà á. Ìwẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí i kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé kí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ dúró fún wákàtí 24. Bí àṣà ilé kan kò bá gbà, ó kéré tán kí ó dúró fún wákàtí mẹ́fà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé nǹkan ńlá ni wọ́n bi wa? Oòrùn kan tó là tó sì tún wọ̀, ìyẹn náà ni. Ọmọ tó ti lo oṣù mẹ́sàn-án nínú omi lè fi ọjọ́ kan sinmi.

Nígbà tí àkókò ìwẹ̀ bá wá tó, ẹ má ṣe é ní ìdájí nítorí pé ẹ fẹ́ tètè lọ sóko. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú dáadáa, bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ẹ ti fèrèsé. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín wo omi: kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kó má ta yín. Ẹ kó aṣọ tí ẹ máa fi nù ún sítòsí kí ẹ tó fi omi kan ọmọ. Ẹ tètè wẹ̀ ẹ́, ẹ tètè nù ún, orí ni kí ẹ kọ́kọ́ nù, kí ẹ dé e ní fìlà, kí ẹ sì dá a padà sáyà ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ó kéré gan-an, tí agbẹ̀bí sọ pé kò tó ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí náà sọ ọjọ́ tí ẹ lè wẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí omi. Ọmọ tó jáde tí kò ké, ẹ má da omi tútù lé e lórí. Ẹ nù ún kíákíá, kí ẹ fi aṣọ náà ra ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí kò bá mí síbẹ̀, ọwọ́ agbẹ̀bí ló kù sí. Ìdí kan nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ bímọ sílé ìgbẹ̀bí.

Iná ẹ̀dú, àti dídì bí ẹ̀kọ

Àwọn mìíràn á ní, "A ti gbọ́ ti omi. Àwa, ìkòkò ẹ̀dú la máa gbé sí yàrá." Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀dú tó ń jó nínú yàrá tí a ti pa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹ ò lè rí i bí èéfín igi. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ ọ́n. Ìyá àti ọmọ lè má jí. Nítorí náà, iná ẹ̀dú kò gbọdọ̀ sun yàrá pẹ̀lú èèyàn, bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó. Bí atẹ́gùn bá ń wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ àtijọ́ dí i. Ẹ gbé ibùsùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ má tẹ́ ọmọ sórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú ẹní lásán, nítorí ilẹ̀ tútù ń fa ooru lára ọmọ. Ẹ má sì ti ìgò omi gbígbóná mọ́ ọn lára: awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó lè jóná.

Ó wá ku aṣọ. A fẹ́ràn láti di ọmọ gírígírí, kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọnrangandan. Ọmọ kì í ṣe ẹ̀kọ tí à ń fi ewé dì. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà láàárín aṣọ kan àti èkejì ló ń pa ooru mọ́. Bí ẹ bá fún un pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ yẹn kò ní sí. Aṣọ fẹ́lẹ́ méjì tó dẹ̀ díẹ̀ sàn ju ẹyọ kan tó nípọn tó sì fún mọ́ ọn. Àyà ọmọ gbọ́dọ̀ ráyè gbòòrò bó ṣe ń mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ráyè ká kò kí ó sì yà bí ti ọ̀pọ̀lọ́, nítorí bí a bá nà án tí a sì dì í bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, oríkèé ìbàdí rẹ̀ lè yẹ̀. Ẹ má fi aṣọ bo ojú àti imú rẹ̀ nítorí eruku ọyẹ́. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ó fi sùn, kí aṣọ má sì ga kọjá àyà rẹ̀.

Orí ńkọ́? Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu tí à ń fi ṣọdún ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ẹ mọ èyí jù mí lọ. Bí ẹ bá gbin iṣu lẹ́ẹ̀rùn, ẹ kì í fi orí ebè sílẹ̀ lásán. Ẹ máa ń fi koríko dé e, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Iṣu tí a kò tíì rí, a dé e ní fìlà. Ṣé ọmọ tí a ti rí la ó wá fi orí rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ tún rántí pé ọyẹ́ tiwa ní ojú méjì. Ní òru ó ń tutù, lọ́sàn-án oòrùn á gbóná janjan. Aṣọ òru kọ́ ni aṣọ ọ̀sán. Mo ti rí ọmọ tó wọ aṣọ òtútù mẹ́ta lórí alùpùpù ní aago kan ọ̀sán, òógùn bo ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyẹn náà léwu, omi ara rẹ̀ ń tán lọ. Òṣùwọ̀n tí ẹ lè fi sọ́kàn ni èyí: ohun tí ìwọ àgbàlagbà wọ̀ tí ara rẹ fi rọ̀, fi ẹyọ kan tàbí méjì kún un fún ọmọ, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oòrùn bá mú, ẹ bọ́ díẹ̀ kúrò.

Àyà ìyá, láti Bogotá dé Ilé-Ifẹ̀

Ẹnì kan lè ní, "Ìwọ onírédíò, bí ìgbé-sáyà yìí bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn òyìnbó fi ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọmọ sí?" Ẹ̀rọ yẹn, couveuse, wà lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó ń fẹ́ iná mànàmáná ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, dókítà kan tó ń jẹ́ Edgar Rey wà nílé ìwòsàn tí ọmọ tí oṣù wọn kò pé ti pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ó ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ wọn sáyà, awọ sí awọ, tọ̀sán-tòru, kí wọ́n máa fún wọn ní ọmú. Wọ́n fi orúkọ kangourou pè é, ìyẹn ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò iwájú ikùn. Ohun tí àìní mú wọn bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ayé wá ń kọ́ lónìí.

Èyí tó wá sún mọ́ wa jù rèé. Ẹ̀yin ará Ìfẹ̀ tó wà ní agbègbè wa, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an. Àwọn oníṣègùn ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tànsáníà, jọ ṣe ìwádìí kan, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2021. Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é ní Nàìjíríà. Ọmọ 3211 ni wọ́n fi ṣe é, ọmọ kékeré tí wọn kò tó kílò méjì. Àwọn kan, wọ́n tọ́jú wọn bí a ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n sí ẹ̀rọ títí ara wọn fi balẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn lé àyà ìyá. Àwọn yòókù, wọ́n gbé wọn sáyà láìjáfara lẹ́yìn tí wọ́n bí wọn, ìyá náà sì ń gbé inú yàrá ìtọ́jú pẹ̀lú wọn. Nínú 100 ọmọ tó kọ́kọ́ wà nínú ẹ̀rọ, nǹkan bí 16 ló kú kí oṣù kan tó pé. Nínú 100 tó wà láyà, 12 ni. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí ó tó parí, nítorí kò tọ́ mọ́ kí wọ́n máa ya àwọn ọmọ kan kúrò láyà ìyá. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ di ìmọ̀ràn fún gbogbo ayé.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe ìyẹn, pẹ̀lú dókítà nítòsí. Ọmọ tí kò tó ìwọ̀n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má tọ́jú rẹ̀ nílé lásán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé tí ara rẹ̀ sì dá náà yẹ kí ó wà láyà ìyá lójú ẹsẹ̀, fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ó sì fa ọmú láàárín wákàtí yẹn. Wàrà àkọ́kọ́ tó pọ́n bí epo, ẹ má fún un dànù. Òun ni epo àtùpà tí mo wí lẹ́ẹ̀kan.

Bí a ṣe ń gbé e rèé: ọmọ á wà ní ìhòòhò, àfi fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí. Àyà rẹ̀ á kan àyà ìyá, orí rẹ̀ á wà láàárín ọmú méjèèjì, ojú rẹ̀ á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká. Ẹ fi ọ̀já tàbí ìró tó rọ̀ so ó mọ́ ìyá, kí ìyá wá wọ aṣọ rẹ̀ lé e. A mọ ọmọ pọ̀n dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iwájú ni kí a pọ̀n ọ́n sí, níbi tí ojú ìyá ti lè rí imú rẹ̀.

Ta ni yóò fi ìyá sílẹ̀ kó jókòó?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Àyà ìyá kò gba owó kankan lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìyá kò ráyè. Àsìkò ọyẹ́ ni omi ń jìnnà, tí kàjú ń tanná, tí a ń wá ẹni tí yóò gé koríko oko kí iná ìgbẹ́ má bàa jó o. Obìnrin tó bímọ lánàá, a ti ń wá a ní ìdí ààrò. Bí ó bá gbé ọmọ sáyà jókòó, ẹnì kan á ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín là, ẹ wá ẹni tí yóò pọn omi fún ọjọ́ méjèèje àkọ́kọ́. Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ pọn ọ́n fúnra yín.

Àyà bàbá náà ní ooru. Bí ìyá bá fẹ́ wẹ̀, tàbí tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀, bàbá lè bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kí ó gbé ọmọ sáyà. Àwọn kan á fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í pa ọmọ, òtútù ló ń pa á.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, iṣẹ́ yín kò tán, ó kàn yí padà ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ jẹ́ olùṣọ́. Bí àlejò bá dé pé kí wọ́n gbé ọmọ fún òun, kí ẹ ní, "Kú ewu ọmọ, wò ó láyà ìyá rẹ̀." Bí ó bá di ọjọ́ ìkómọjáde, ẹ má gbé ọmọ síta ní ìdájí. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ, orúkọ náà kò ní sá lọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí, a mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a gbé ní ìhòòhò lé irin tútù láti wọ̀n ọ́n kí ó tó dé àyà ìyá, ooru rẹ̀ ti ń lọ. Ìwọ̀n lè dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé to ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tẹ̀ léra fún ooru ọmọ bí ṣéènì. Ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé bí ojú kan bá já lára ṣéènì, kẹ̀kẹ́ dúró nìyẹn.

Ọjà

Ọjà wá kàn. Aboyún tí oṣù rẹ̀ máa bọ́ sínú ọyẹ́, kí ó ti ra nǹkan wọ̀nyí nígbà tí a bá ń ta iṣu tuntun tí owó wà lọ́wọ́: fìlà méjì tó bo etí, ìbọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ìlédìí tó pọ̀ díẹ̀, ọ̀já kan tó rọ̀. Fún nínu àti dídì, kò nílò aṣọ tuntun. Ìró òwú àtijọ́ mẹ́rin tó ti rọ̀ sàn ju aṣọ tuntun tó le lọ, nítorí ó ń fa omi. Aṣọ ọ̀rá tó ń dán kì í fa omi, ẹ yẹra fún un. Bí ẹ bá ra aṣọ àlòkù lọ́jà, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sórí okùn nínú oòrùn, kí ẹ gbọn eruku rẹ̀ kí ẹ tó ká a sínú àpò tó dé. Àpò yẹn ni kí ó bá a lọ sílé ìgbẹ̀bí.

Mo rí i pé owó tí à ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ fún ìkómọ máa ń ju owó fìlà ọmọ lọ lọ́nà tó pọ̀. Ayẹyẹ dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ni ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ móoru. Ẹ̀yin olùtajà, ẹ gbé fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ síwájú àtẹ yín láti oṣù kọkànlá, ẹ má sì gbówó lé e nítorí òtútù dé.

Ìgbà tí kò gbọdọ̀ pẹ́

Ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ àti ikùn rẹ̀. Bí méjèèjì bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó dára. Bí ẹsẹ̀ bá tutù tí ikùn sì lọ́, òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ gbé e sáyà, ẹ fún un lọ́mú, kí ẹ tún wò ó láìpẹ́. Bí ẹsẹ̀ àti ikùn bá tutù pọ̀, ewu ti dé. Bákan náà ni bí ọmọ kò bá fa ọmú mọ́, bí ara rẹ̀ bá dẹ̀ tí kò mira, bí ó bá ń mí ju 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí àyà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná fòò. Ẹ má dúró de òwúrọ̀, ẹ má kọ́kọ́ wá àgbo. Ẹ pe relais abúlé yín, ẹ wá zémijan, kí ìyá gbé ọmọ sáyà lábẹ́ aṣọ, kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Àyà yẹn ni yóò mú ọmọ dé ibẹ̀ láàyè.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta bi ara yín. Ní abúlé wa, ta ló ń pinnu ìgbà tí a óò wẹ ọmọ, ṣé a ti bá a sọ̀rọ̀? Aboyún mélòó ló máa bímọ kí ọyẹ́ yìí tó lọ, ta ni yóò sì pọn omi fún wọn? Bí ọmọ bá tutù ní aago méjì òru, alùpùpù ta ni yóò gbé e? Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn ní orúkọ èèyàn nínú.

 Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ewu, ẹ kú ọwọ́ lómi, ṣùgbọ́n kí omi náà dúró di ọ̀la. Ọyẹ́ á lọ, ọmọ á kù sí wa lọ́wọ́.